Ìwé Búlúù Orí Fíríìjì

Lọ́jọ́ tí dókítà pè wá pé ká wá gba èsì àyẹ̀wò, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo gbọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ: "Jẹjẹrẹ ọmú ni." Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ o. Ó ya àwòrán sórí bébà, ó ń fi bírò tọ́ka sí ibi tí kókó náà wà àti bó ṣe ti rìn dé abẹ́ abíyá, ìyàwó mi sì ń mi orí sí i. Èmi kàn ń wo ẹnu ọkùnrin náà bó ṣe ń ṣí, tó ń padé. Nígbà tí a dé inú mọ́tò, mo bi ìyàwó mi pé kí ni dókítà ní ká ṣe. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ò gbọ́ ni? Ẹ̀yin ni mo gbójú lé."

A jókòó sínú mọ́tò yẹn fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, a ò ṣíná sí i. Ibẹ̀ la ti ṣe àdéhùn tí mo kábàámọ̀ jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbọ́. Àwọn òbí wa ò gbọ́dọ̀ gbọ́, àwọn ọmọ ò gbọ́dọ̀ gbọ́, ọ̀rẹ́ kankan ò gbọ́dọ̀ gbọ́. A ó pa ẹnu mọ́, a ó gba ìtọ́jú, bó bá parí tán ká wá máa sọ ọ́ bí ìtàn. Mo rò pé ààbò ni mo ń fi bo ilé mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú tún ń tì mí, àfi bíi pé wọ́n fi ẹ̀sùn kàn wá.

Ọ̀sẹ̀ 5 la fi ru ú. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò oríṣiríṣi láàárín àkókò yẹn, wọ́n sì ṣàlàyé pé oògùn ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà sí i lára kí kókó náà lè súnkì, kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Kímò ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló máa gba oògùn pupa kan, tí ìtọ̀ èèyàn máa ń pọ́n lẹ́yìn tó bá gbà á, lẹ́yìn náà ló máa wá gba òmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìyàwó mi ń sọ fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé òtútù ló mú òun. Èmi ń sọ níbi iṣẹ́ pé mọ́tò mi ló bàjẹ́. Lálẹ́, àwa méjèèjì á jókòó, a ó máa rántí irọ́ tí a pa fún oníkálukú kí ọ̀rọ̀ wa má baà takora. Agbára tó yẹ ká fi gbé ara wa ró, ibi tí a ń ná an sí nìyẹn.

Irun orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já lọ́sẹ̀ kẹta lẹ́yìn oògùn àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe sọ fún wa gẹ́lẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń yára pọ̀ sí i ni kímò máa ń lé kiri, jẹjẹrẹ sì wà lára wọn. Àmọ́ gbòǹgbò irun náà ń yára dàgbà, awọ inú ẹnu àti ti ìfun náà ń yára dàgbà, mùdùnmúdùn inú egungun tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ kì í sinmi, oògùn ò sì mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ará ilé. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń já, tí ẹnu fi ń dá egbò, tí èébì fi ń gbé èèyàn. Mo mọ gbogbo ìyẹn báyìí. Nígbà yẹn, ohun tí mo mọ̀ ò ju pé mò ń gbá irun ìyàwó mi jọ nílẹ̀ balùwẹ̀ ní kùtùkùtù kí àwọn ọmọ tó jí.

Ọmọ ọdún 7 ni ọmọbìnrin wa nígbà náà. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ń kíyè sí i pé kì í sún mọ́ ìyá rẹ̀ mọ́. Tí ìyá rẹ̀ bá ní kó wá, á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo rò pé irun tó ń já yẹn ló ń bà á lẹ́rù. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹ́ pa iná yàrá rẹ̀, ó di apá aṣọ mi mú, ó ní, "Dádì, ṣé orí mi ni?" Mo ní, kí ni orí rẹ ṣe? Ó wá sọ ọ́. Pé lọ́jọ́ kan tó ti pẹ́, òun sáré lọ dì mọ́ Mọ́mì, orí òun sì gbá a láyà, Mọ́mì pariwo "yéè". Ó ti gbọ́ tí a ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé kókó wà lọ́mú Mọ́mì. Òun náà, tó bá fi orí gbá nǹkan, kókó máa ń so níbẹ̀. Ó ti ṣe ìṣirò rẹ̀, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó sì ti ń fìyà jẹ ara rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, òun nìkan, lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú èmi tí mò ń dáàbò bò ó.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sunkún lójú rẹ̀, ohun tí mi ò ṣe rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo wá nọ́ọ̀sì kan lọ níbi tí a ti ń gba ìtọ́jú, mo rò fún un. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń sọ ọ́ fún ọmọ. Ó ní ká pe àìsàn náà lórúkọ, torí ọmọ tí wọ́n bá kàn sọ fún pé "ara Mọ́mì ò yá" lásán á máa bẹ̀rù nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ nínú ilé. Ó ní ká là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe, tàbí ohun tí wọ́n sọ, tàbí ohun tí wọ́n rò lọ́kàn ló fà á. Pé kì í ràn, wọ́n lè dì mọ́ ọn, wọ́n lè sùn tì í. Àti pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn ò ní wọ́n. Ó ní, "Tí wọ́n bá bi yín pé ṣé Mọ́mì máa kú, ẹ má purọ́ fún wọn o."

Ọmọ wa ọkùnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 12, ló béèrè. Mo ti ń wá bí mo ṣe máa dáhùn nígbà tí ìyàwó mi gbà á lẹ́nu mi. Ó ní, "Àìsàn tó le ni. Oògùn tó ń ṣiṣẹ́ sí i wà, mo sì ń gbà á. Tí nǹkan bá yí padà, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín." Ọmọkùnrin náà mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ló jẹ́wọ́ pé òun ti ń wá a lórí Google láti ọjọ́ pípẹ́, ó tiẹ̀ pe orúkọ oògùn pupa yẹn fún wa. Ọmọbìnrin náà ò sọ nǹkan kan. Ó rọra dìde, ó lọ jókòó sí itan ìyá rẹ̀, ó sì fi orí rẹ̀ sí ejìká, kò jẹ́ kó kan àyà.

Àbúrò ìyàwó mi la kọ́kọ́ sọ fún láàárín àwọn àgbà. Ó bínú sí wa, ó sunkún, ó sì dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ìwé kékeré kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ búlúù, irú èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé kò sí ohun tí mo lè ṣe. Ẹ kàn ka ohun tí ẹ̀ ń ṣe lọ́jọ́ tí Àǹtí bá gba oògùn fún mi, láti ìgbà tí ẹ bá ti jí." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó ń kọ ọ́. Nígbà tí mo dákẹ́, nǹkan 17 ló wà níbẹ̀. Ó wá mú bírò pupa, ó fa ìlà sábẹ́ èyí tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mo lè ṣe é. Mẹ́rin péré ni. Ó ní, "Mẹ́tàlá yòókù kì í ṣe tiyín mọ́."

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ibí yìí, torí òun ló yí ọ̀rọ̀ wa padà. Tí àwọn èèyàn bá gbọ́ pé àìsàn wọlé ẹni, wọ́n á ní, "Tí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká mọ̀." Tọkàntọkàn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Àmọ́ ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ 3, ibo ló ti fẹ́ ráyè ro ohun tó nílò, kó tún máa ro ẹni tí iṣẹ́ náà yẹ, kó tún wá máa tọrọ? A máa ń pa á lówe pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ onítọ̀hún ní láti fi àyà han àwọn ọwọ́ náà. Látìgbà tí ìwé búlúù ti wà lórí fíríìjì, ẹnikẹ́ni tó bá pè, mo ń ka ìlà kan fún un látinú rẹ̀: kó bá wa mú àwọn ọmọ nílé ìwé ní aago 2 lọ́jọ́ Tuesday, kó wá jókòó ti ìyàwó mi fún wákàtí 2 kí n lè sùn, kó bá mi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó yà mí lẹ́nu bí inú àwọn èèyàn ṣe máa ń dùn tí wọ́n bá gbọ́ iṣẹ́ tó lórúkọ. Aládùúgbò kan tí a kì í kí ju "ẹ káàárọ̀" lọ tẹ́lẹ̀ ló gba ilé ìwé àwọn ọmọ, kò sì pa ọjọ́ kan jẹ títí tí ìtọ́jú fi parí.

Àwọn kan sá. Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra lé lórí kò gbé fóònù mi fún oṣù 8. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Nígbà tó wá, ó jókòó síta, kò lè wọlé, ó wá sọ fún mi pé jẹjẹrẹ ló pa ìyá òun nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún 9, kò sì sẹ́ni tó ṣàlàyé ohunkóhun fún òun. Mo ronú kan ọmọbìnrin mi. Mi ò tún bá a jà.

Apá ẹ̀yìn ìwé náà, ti ìyàwó mi ni: ìgbóná ara láàárọ̀ àti lálẹ́, oògùn tó lò, iye ìgbà tó bì, ìbéèrè tí a fẹ́ bi dókítà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14 lẹ́yìn oògùn, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, tó ń bá kòkòrò àrùn jà, máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Nítorí náà, bí ìgbóná ara bá ti dé 38 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ká má fún un ní oògùn tí yóò mú un rọlẹ̀ kó dà bíi pé kò sí nǹkan, ká má sì dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ká máa bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn oògùn kẹta, aago 1 òru, ara ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo wọ̀n ọ́n: 38.4. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn, pé á lọ. Ó wu èmi náà kí n gbà, torí ó ti rẹ̀ mí, àwọn ọmọ sì ń sùn. Mo wọ ilé ìdáná lọ bu omi, ojú mi bá lọ sórí ìwé náà. Àbúrò ìyàwó mi ti fi bírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́: 38, Ẹ MÁA LỌ. Nọ́ńbà aládùúgbò yẹn ló wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú "wọ́n ní ká jí wọn nígbàkigbà." Mo pè é. Ó gbé e kí ó tó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wa mọ́tò, ìyàwó rẹ̀ sùn sórí àga wa kó lè wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, nígbà tí a ó sì fi dé ọsibítù, mo ti ka gbogbo ohun tó wà nínú ìwé náà fún wọn lórí fóònù. Wọ́n ti gbé oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn sí i lára kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà tó wò ó sọ fún mi láàárọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ kù díẹ̀ bíńtín, pé ó dára bí a ò ṣe dúró. Ọjọ́ 5 la lò níbẹ̀.

Inú ọjọ́ 5 yẹn ni ìyàwó mi bínú sí mi jù lọ. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń sọ fún un pé kó má bẹ̀rù, pé á yè, kó mọ́kàn le. Èmi gan-an ni mo ń sọ ọ́ jù. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó ní, "Dádì, gbogbo yín lẹ ní kí n má bẹ̀rù. Ibo ni kí n wá gbé ẹ̀rù tó ń bà mí sí?" Mi ò lè fèsì. Mo fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní kó gbé e sọ́dọ̀ mi. Ó sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú: ìgbéyàwó àwọn ọmọ tó ń rò pé òun ò ní bá, ẹni tí mo máa fẹ́ lẹ́yìn òun, àpá tí iṣẹ́ abẹ máa dá sí i láyà. Mo gbọ́ ohun tí ó dùn mí wọnú egungun, mi ò dá a dúró. Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èyí tí kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Láti ìgbà náà, tó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á ní, "Ẹ wá ràn mí lẹ́rù." Mo mọ ohun tó ń sọ.

Tèmi ńkọ́? Nọ́ọ̀sì tó kọ́ mi bí a ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ ló tún bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ̀yin ńkọ́? Ìgbà wo lẹ jẹun kẹ́yìn?" Mi ò rántí. Ó kọ ọjọ́ àti aago kan fún mi, pé àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn jẹjẹrẹ máa ń pàdé. Mi ò fẹ́ lọ, mo rò pé ẹkún la máa lọ sun. Ohun tí mo bá tí wọ́n ń sọ nígbà tí mo wọlé ni bí èèyàn ṣe lè sùn lórí àga ọsibítù tí ẹ̀yìn ò fi ní dùn ún. Ọkùnrin kan níbẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ti wà lẹ́nu ìtọ́jú fún ọdún 4, ló sọ fún mi pé inú máa ń bí òun sí ìyàwó òun nígbà míì torí pé ó ń ṣàìsàn, òun á sì tún kórìíra ara òun lẹ́yìn náà. Mo rò pé èmi nìkan ni mo burú tó bẹ́ẹ̀ láyé. Mi ò tún pa ìpàdé kankan jẹ.

Nígbà tó di pé oògùn ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn dé ìgbà kẹsàn-án, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, wọ́n sì ń ta á bí abẹ́rẹ́. Dókítà ní òun máa pe àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú ìdẹ̀rùn sí i, ìyẹn àwọn tó ń wá bí ìrora ṣe máa dín kù, tí ara á sì tu aláìsàn. Ara mi di yìnyín. Ohun tí mo mọ̀ sí ìtọ́jú ìdẹ̀rùn ni pé ẹni tó bá ti ń kú lọ ni wọ́n ń fún. Nọ́ọ̀sì yẹn ló tún mú mi jókòó. Ó sọ fún mi nípa Cicely Saunders, obìnrin tó ṣe nọ́ọ̀sì, tó tún wá di dókítà, tó ṣí St Christopher's Hospice, ilé ìtọ́jú ìdẹ̀rùn kan, sí London lọ́dún 1967. Obìnrin yẹn ló tẹnu mọ́ ọn pé ìrora aláìsàn kì í ṣe ti ara nìkan: ti ọkàn wà níbẹ̀, ti àárín òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ wà níbẹ̀, ti ẹ̀mí náà wà níbẹ̀, kí wọ́n máa wo gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó tún sọ pé ìtọ́jú yìí kì í ṣe ti ìgbẹ̀yìn nìkan mọ́. Lọ́dún 2010, Dókítà Jennifer Temel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn. Àwọn tí wọ́n fún ní ìtọ́jú ìdẹ̀rùn láti ìbẹ̀rẹ̀, mọ́ ìtọ́jú jẹjẹrẹ wọn, gbádùn ara wọn ju àwọn yòókù lọ, ọkàn wọn ò rẹ̀wẹ̀sì tó tiwọn, wọ́n sì tún pẹ́ láyé jù wọ́n lọ. Mo wá rí i pé àìmọ̀kan ló fa ẹ̀rù mi.

Dókítà tó wá wò ó nínú àwọn oníṣẹ́ ìdẹ̀rùn yìí kò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó jókòó, ó ní, "Kí ló wù yín kẹ́ ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí, tí ìrora yìí ò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe?" Mo rò pé ìyàwó mi máa ní kó yọ òun nínú àìsàn yìí. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Mo fẹ́ di irun ọmọ mi."

Wọ́n bá àwọn tó ń fún un ní kímò sọ̀rọ̀, wọ́n dín in kù díẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn tó máa ń rọ ìrora iṣan. Kò lọ tán. Lọ́jọ́ Saturday kejì lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin wa jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Dídì méjì péré ni, ó gbà á ní wákàtí kan ó lé. Ìka rẹ̀ ò mọ irun dì dáadáa, ó ń tú u, ó ń tún un dì, èyí ọwọ́ òsì sì wọ́. Ọmọ náà kò mira. Ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni tú u fún ọ̀sẹ̀ 2 gbáko. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ fi orí rẹ̀ lélẹ̀ láyà ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Mo ti máa ń ro ìrètí bí nǹkan ńlá kan ṣoṣo: kó yè, ká gbàgbé. Tí èsì kan bá burú díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wó lé mi lórí. Ọjọ́ irun yẹn ni mo rí i pé ìrètí lè kéré tó dídì méjì, kó sì gbé odidi ilé dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ó di ọdún kẹta báyìí. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n fi ìtànṣán sun ojú ibẹ̀ fún ọjọ́ 15, alaalẹ́ ló ń lo tamoxifen, oògùn oníhóró tí kì í jẹ́ kí jẹjẹrẹ náà tètè padà, yóò sì lò ó tó ọdún 5 ó kéré tán. Àwọn dókítà wa ní kò sí àmì jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Wọn kì í sọ pé ó ti lọ títí láé, àwa náà kì í sì fipá mú wọn sọ ọ́. Tí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, oorun á dá lójú gbogbo wa, a ó máa gbọ́ tí àwọn ọmọ ń jà lórí nǹkan tí kò tó nǹkan. A ti mọ ohun tó ń jà.

Ìwé búlúù kẹta ló wà lórí fíríìjì báyìí. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni àyẹ̀wò. Aládùúgbò wa ti kọ orúkọ sí mọ́tò, ìyá ìyàwó mi ti kọ orúkọ sí oúnjẹ. Lánàá, mo rí ìlà tuntun kan nísàlẹ̀, lẹ́tà roboto roboto: "Aago 9. Èmi ni n ó jókòó ti Mọ́mì lẹ́yìn mọ́tò, n ó di ọwọ́ wọn mú. Mo ti tọrọ àyè nílé ìwé." Àbúrò ìyàwó mi ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.